Owó Tí Kò Lẹ́yìn

Agboolé Ògúnbáyọ̀,
Ìwó,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, 1986.

Mùkáílà, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Owó tí kò lẹ́yìn, ta ni yóò gbà á lọ́jà? Ìbéèrè yìí ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun lálẹ́ àná. Mo mọ̀ pé bí o bá ti ka gbólóhùn kan yìí, wàá pe ìyàwó rẹ, wàá ní, "Wá wo Bọ̀ọ̀dá mi, wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀." Rẹ́rìn-ín tẹ́rùn. Nígbà tí o bá kà á dé ìsàlẹ̀, wàá rí i pé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ ni.

Kí ìbéèrè má gba ipò ìkíni, mo kí ọ dáadáa. Mo kí Ìyá Ràhámọ̀tù, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbà á ládùúrà pé ara yín le, pàápàá nísinsìnyí tí ọyẹ́ á ti máa la ètè èèyàn ní Kàdúná. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ikọ́ tó dà ọ́ láàmú lọ́dún tó kọjá tún mọ ọ̀nà ilé rẹ. Àwa náà ń bẹ. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń bá mi jà, ṣùgbọ́n n kò tíì gbà fún un. Ìyá Àṣàbí, àbúrò bàbá wa, ní kí n kí ọ. Wọ́n ní dàbínù tí o fi ránṣẹ́ kẹ́yìn ti tán tipẹ́, kí ojú má tì ọ́ láti fi òmíràn ránṣẹ́.

Ìròyìn àkọ́kọ́ ni pé Ìwó ti ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Má rò ó pé ó tóbi. Yàrá méjì ni, nínú ilé kọ́ọ̀tù àtijọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè kan ló kùn ún lọ́dà, wọ́n sì fi Ọ̀gbẹ́ni Oyèlẹ́yẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ṣe olùtọ́jú rẹ̀. Ohun tó jẹ mọ́ owó nìkan ni wọ́n kó síbẹ̀: owó àtijọ́, mẹ́dàlì, àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe owó. O mọ̀ mí. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi to ìwé sórí pẹpẹ ní ilé ìkàwé yunifásítì n'Ìbàdàn, bí mo bá gbọ́ pé ohun àtijọ́ wà níbì kan, ìdí mi kì í lè balẹ̀. Mo lọ.

Owó ẹyọ wà níbẹ̀ lórí okùn. Kọ́bọ̀ oníhò wà níbẹ̀, tọ́rọ́, sísì, àti ṣílè tí igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí ìyá wa máa ń so mọ́ etí ìró. Mẹ́dàlì àwọn tó jagun Bọ́má wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kòkòrò ti jẹ aṣọ ọ̀kan nínú wọn tán, ó ku irin lásán. Mo dúró pẹ́ níwájú ìyẹn. Mo ń rò ó pé ọba tó fi irin yìí dá ọkùnrin náà lọ́lá kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì mọ ọ̀nà Ìwó.

Ìdí dígí tó kẹ́yìn ni ẹsẹ̀ mi ti wúwo. Ẹ̀mú wà níbẹ̀, ẹnu ẹwìrì, ìkòkò kékeré tí wọ́n fi ń yọ́ irin, àti àwo amọ̀ kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí ojú ọba Gẹ̀ẹ́sì jìn sínú rẹ̀ bí ẹni pé ọba náà ṣubú, ó sì fi ojú tẹ ẹrẹ̀. Káàdì tó wà níwájú rẹ̀ kà báyìí: "Ohun èlò tí wọ́n fi ń ṣe ṣílè ayédèrú. Láti agboolé Ògúnbáyọ̀, Ìwó." Mo kà á. Mo bọ́ awò ojú mi, mo nù ún, mo tún un kà. Agboolé wa ni, Mùkáílà. Bàbá wa àgbà ni.

Kí ni wọ́n sọ fún wa ní kékeré? Wọ́n ní kí a tó bí wa, Bàbá lọ sí Gòólù Kóòsì, wọ́n ṣe ọdún mẹ́ta ní Kùmásì kí wọ́n tó padà wálé. Ìwọ rò ó wò. Ẹni tó ti Kùmásì dé tí kò mú aṣọ kan bọ̀, tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú èdè wọn, kò yẹ kí a ti bi í léèrè? Tún rántí bí Bàbá ṣe máa ń gba owó. Wọn kì í gbà á ní àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá ra ọkọ́ tàbí àdá, wọn á ní, "Jù ú sórí owú." Ẹni náà á ju ṣílè rẹ̀ sórí owú tí wọ́n fi ń rọ irin, Bàbá á sì tẹ́tí. Bí ó bá ké gooro, wọn á mú un. Bí ó bá dún pọ̀, bí ìgbà tí ìbẹ́pẹ já lulẹ̀, wọn á fi ọmọ owú tì í padà, wọn á ní, "Mú un lọ fún ẹni tó fún ọ." A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà náà, a ń pè é ní fújà alágbẹ̀dẹ. Ní báyìí mo ń béèrè: níbo ni wọ́n ti kọ́ irú etí bẹ́ẹ̀?

Ìfura ni mo gbé wálé lọ́jọ́ náà. Ta ló gbé àwo náà lọ fún wọn? Mo kọ́kọ́ fura sí Oyèlẹ́yẹ fúnra rẹ̀, nítorí bàbá rẹ̀ ni akọ̀wé kọ́ọ̀tù láyé ọjọ́un. Mo fura sí àwọn ọmọ ìyá Dúpẹ́ tí a bá jà nítorí ilẹ̀. Má bínú, mo fura sí ìwọ náà. Ìwọ lo kó àpótí Bàbá jáde nígbà tí wọ́n kú. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo máa ń kọ lálẹ́, kí n tó wá fa igi lé orúkọ rẹ. Mo rántí pé ìwọ kò lè rí irú àwo bẹ́ẹ̀ kí o má máa gbọn eérú sìgá sí i.

Mo padà lọ bá Oyèlẹ́yẹ. Ó ń fi àkísà nu dígí, kò gbójú sókè. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ta ló fún yín ní èyí?" Ó ní, "Ẹni tó ni ín." Mo ní, "Ẹni tó ni ín ti kú." Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹni tó jogún rẹ̀. Ó sì ní ká má dárúkọ òun." Mo bi í léèrè ibi tó ti rí ohun tó kọ sórí káàdì. Ó ní ẹnu bàbá òun ni òun ti gbọ́ ọ: ọlọ́pàá ká àwo náà mọ́ Ògúnbáyọ̀ lọ́wọ́, adájọ́ òyìnbó sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Kùmásì wa nìyẹn. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n n'Ìbàdàn ni.

Ìròyìn kejì ló sọ ti àkọ́kọ́ di wàhálà. Ní ọjọ́ Ajé tó kọjá, Àlàájà Ṣẹ̀fíátù dé láti Kuta. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ Ràhámọ̀tù ọmọ rẹ ni wọ́n. Àwọn ni ẹbí wọn rán láti wádìí ilé wa kí wọ́n tó gbé ìdáná wá. Obìnrin tó fi ojú kan rẹ́rìn-ín, tó fi èkejì ka igi àjà ilé ẹni. Wọ́n mu omi, wọ́n kí mi, wọ́n wá ní, "Mo ti ya ibì kan kí n tó débí. Mo ti rí ilé owó yín. Ó dára. Ọba tó wà níbẹ̀ pọ̀ ju ti ààfin lọ." Mo rẹ́rìn-ín. Wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ní, "Àna mi, àbúrò yín ní Kàdúná fi Ọlọ́run búra fún wa pé ẹsẹ̀ ará ilé yín kankan kò tẹ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí. Agboolé Ògúnbáyọ̀ mélòó ló wà n'Ìwó?"

O búra, Mùkáílà. N kò bá ọ wí, ohun tí wọ́n sọ fún ọ ni o sọ. Ṣùgbọ́n irọ́ kan ti dé ẹnu tèmi náà lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ sọ pé alágbẹ̀dẹ mìíràn ni. Àlàájà rí i. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ má yára, Àna mi. Ẹ̀wọ̀n kọ́ ni mo wá wádìí. Ọkọ tèmi alára, wọ́n tì í mọ́lé nígbà wàhálà owó orí. Irọ́ ni mo wá wádìí. Ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n á jáde lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n inú irọ́ ni òpùrọ́ ń gbé. Ẹ lọ wá òótọ́ ilé yín wá fún mi lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bí mo bá rí irọ́ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wọ̀nyí ti tán nìyẹn."

Mo lọ bá Ìyá Àṣàbí nínú yàrá wọn, wọ́n ń pa ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀. Kí n tó dìde tán, wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé e lọ. O ti ń wo gbogbo ayé bí olè, mo ní kí n gba ayé sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ." Ẹnu yà mí. Mo ní, "Ìyá, kí ló dé?" Wọ́n ní, "Ó wà lábẹ́ ibùsùn mi láti ọjọ́ tí kọ́ọ̀tù dá irinṣẹ́ Bàbá padà. Bí mo bá kú, ẹ̀yin ọmọ ìwé wọ̀nyí á kó o dà sí ààtàn." Mo ní, "Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀?" Wọ́n ní, "Ta ló kọ́ mi níwèé?"

Ìgbà náà ni wọ́n sọ ìtàn náà fún mi. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, ìyàwó tí yóò wọlé ọkọ gbọ́dọ̀ fi ṣílè sọ́rùn, kí ojú ọba hàn níwájú. Alágbẹ̀dẹ ló máa ń lu ṣílè níhò fún okùn. Àmọ́ ìròyìn kan gba ìlú pé ẹni tó bá lu owó níhò, orí ọba ló lu, ẹ̀wọ̀n ni. Jìnnìjìnnì bá àwọn alágbẹ̀dẹ. Òmíràn ní òun kò ṣe mọ́. Bàbá wa àgbà ní àwọn kò ní fọwọ́ kan orí ọba láéláé. Àwọn yóò fi amọ̀ gba àwòrán rẹ̀, àwọn yóò yọ́ òjé àti tánńganran, àwọn yóò da ọba mìíràn, èyí tí kì í ṣe ti ìjọba, àwọn yóò sì lu ìyẹn níhò. "Kí wọ́n má baà ṣẹ̀ ni wọ́n fi ṣẹ̀," ni Ìyá Àṣàbí wí. "Wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọba títí tí ọ̀wọ̀ fi mú wọn dé ẹ̀wọ̀n." Wọ́n ní bí mo bá ń ṣiyèméjì, kí n lọ wo àwo náà dáadáa, ojú kan ṣoṣo ló ní. Ìyẹn ni wọ́n fi bi mí pé, "Owó tí kò lẹ́yìn, ta ni yóò gbà á lọ́jà?"

Mo fẹ́ràn ìtàn náà, èyí sì ni ìdí tó fi yẹ kí n ti fura sí i. Ṣùgbọ́n mo sáré lọ. Mo ní kí Oyèlẹ́yẹ ṣí dígí. Òótọ́ ni, ojú ọba nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí igi ọ̀pẹ. Ọ̀nà tóóró kan sì gba orí ọba jáde dé etí àwo. Mo ní, "Ẹ wò ó, etí tí okùn yóò gbà nìyí. Owó wo ló létí?" Oyèlẹ́yẹ fi ìka kan ihò kéékèèké tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àwo náà, ó ní, "Kí wá ni ìwọ̀nyí?" Mo ní, "Ọjọ́ ti pẹ́, ilẹ̀ ló jẹ ẹ́." Ó wò mí, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ kàwé jù." Ó sì gbà.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà Ṣẹ̀fíátù: ẹ̀wọ̀n, Kùmásì, ọ̀ṣọ́ ọrùn ìyàwó, àwo tí kò lẹ́yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. "Ọba mìíràn kẹ̀! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí aláìgbọ́n olódodo." Wọ́n bi mí pé ṣé ó tán. Mo ní ó tán. Wọ́n ní, "Mo gbà yín gbọ́, Àna mi. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, èmi fúnra mi ni n ó wọ mọ́tò lọ Kàdúná láti lọ sọ pé ilé náà mọ́." Lọ́jọ́ kejì, Oyèlẹ́yẹ pààrọ̀ káàdì. Ó kọ ọ́ pé ohun èlò ọ̀ṣọ́ ìyàwó ni, tí kọ́ọ̀tù pè ní ayédèrú. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú Bàbá sílẹ̀.

Ìwọ ìbá parí rẹ̀ síbẹ̀. Ó yẹ kí èmi náà parí rẹ̀ síbẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, Ìyá Àṣàbí ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú ohun kan jáde, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ọ̀ṣọ́ náà ni, èyí tí Bàbá ṣe fún ọrùn tiwọn. Wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ sí Ràhámọ̀tù. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé ojú ọba ni kó kọ sí àwọn èèyàn. Kó má jẹ́ kó máa yí padà." Mo kà á sí àdúrà, mo ṣe àmín.

Nígbà tí mo délé, Nẹ́pà ti mú iná lọ. Mo tan àtùpà, mo ní kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá. Ojú ọba wà níbẹ̀. Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n kì í ṣe dídán irin tó ti inú amọ̀ jáde. Ojú fáìlì wà lára rẹ̀, wọ́n tò lọ bí ojú poro. Mo gbé e sún mọ́ iná, mo dà á lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní etí rẹ̀, níbi tí fáìlì kò dé dáadáa, mo rí imọ̀ ọ̀pẹ.

Ẹ̀yìn wà nígbà kan, Mùkáílà. Ẹnì kan ló fá a.

Mo ní ó lè jẹ́ ṣílè gidi. Owú Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà mi, òun ni mo fi ń ti ilẹ̀kùn. Mo ju ohun náà sórí rẹ̀, mo tẹ́tí bí wọ́n ṣe máa ń tẹ́tí. Ó dún pọ̀.

Ìgbà yẹn ni ihò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí mo ní ilẹ̀ ló jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí lójú. Ihò tí wọ́n fi ń de àwo kejì mọ́ ọn ni, èyí tí ọ̀pẹ wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tóóró tí mo pè ní etí, kò ní láti jẹ́ etí. Ibẹ̀ náà ni irin yíyọ́ lè gbà wọlé. Gbogbo ohun tí mo fi dá Bàbá láre ló yíjú padà sí mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Síbẹ̀, mo tún ń ṣiyèméjì sí iyèméjì mi. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ná ṣílè ayédèrú fún Bàbá, tí wọ́n wá fi ṣe ọ̀ṣọ́ fún ọmọ wọn kí ó má baà ṣòfò, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ kọ́ láti máa ju owó sórí owú. Èwo ló ṣẹlẹ̀? N kò mọ̀.

Mo padà lọ bá Ìyá Àṣàbí láàárọ̀ yìí. Mo ní, "Ìyá, ta ló fá ẹ̀yìn rẹ̀?" Wọ́n ní, "Ó máa ń họ mí láyà." Wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí wọn. Mo bi wọ́n bóyá àwo kejì wà rí. Wọ́n ní, "Fàtáì, o ti rí ohun tí o wá. Jẹ́ kí n rí ẹ̀gúsí mi."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Bí mo bá dákẹ́, Àlàájà á lọ Kàdúná, wọn á sọ pé ilé wa mọ́, Ràhámọ̀tù á sì wọlé ọkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ pé kò pé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n lè dìde kúrò nínú ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó náà. Mo ti wo ọ̀rọ̀ náà láti òru àná, mo sì ń padà síbì kan náà: Àlàájà bi mí pé ṣé ó tán, mo ní ó tán. Nígbà tí mo sọ ọ́, òótọ́ ni. Láti ìrọ̀lẹ́ àná, ó ti di irọ́, èmi ni mo sì ni ín. Àwọn àgbà ilé fi Kùmásì bo ẹ̀wọ̀n fún wa. N kò fẹ́ fi ọ̀ṣọ́ ìyàwó bo Kùmásì fún ọmọ rẹ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, mọ́tò àkọ́kọ́ tó bá ń lọ Kuta ni n ó wọ̀, kí n lè bá Àlàájà nílé kí wọ́n tó gbéra. N ó fi ohun náà lé wọn lọ́wọ́, n ó ní kí wọ́n yí i padà. Bí o bá fẹ́ bínú, èmi ni kí o bínú sí, má bínú sí Ìyá Àṣàbí. Kí o sì sọ fún Ràhámọ̀tù fúnra rẹ kí ó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́run bá wa ṣe é ní rere. Kí ó fún ọmọ wa ní ilé tí ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ jọ ara wọn. Owó tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, kí ó máa ké gooro. Kí ara rẹ le títí a ó fi rí ara wa, kí ó jẹ́ pé nítorí ayọ̀ ni o fi wálé.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tí kò sì mọ bí a ṣe ń fi nǹkan sílẹ̀,
Fàtáì Ògúnbáyọ̀.

Àfikún: Má wá ọ̀ṣọ́ náà nínú àpò lẹ́tà yìí. Ó wà nínú àpò agbádá mi, ọ̀dọ̀ Àlàájà ló ń lọ. Bí wọ́n bá gbà á, àwọn ni wọn yóò gbé e fún Ràhámọ̀tù; bí wọn kò bá gbà á, n ó mọ ohun tí n ó sọ fún Ìyá Àṣàbí. Mo tún jù ú sórí owú lẹ́ẹ̀kan sí i, bóyá òru ló dí mi létí. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ládàánì ti pe ìrun àsùbáà, ojú ọ̀run ti ń pọ́n lókè ilé Dúpẹ́. Mo ti pa àtùpà.